Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Òwú wà láàárín eyín ìyàwó mi nígbà tí ó bi mí pé ta ló gbin igi ìyeyè. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa ní Fìdítì, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé-ìwé ọmọ kan. Èmi jókòó sórí àpótí, mo ń bó ọsàn. Mo mọ igi ìyeyè tí ó ń sọ. Mo lè rí ara rẹ̀ tó rí ṣágiṣàgi, mo lè rí ọ̀nà tóóró tó gba abẹ́ rẹ̀ lọ sódò. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gbìn ín kò wá.

"Ẹ má wò mí lójú," ni ó wí, kò yọ òwú náà lẹ́nu. "Kò sí lójú mi."

Mo wo ọsàn ọwọ́ mi. Nígbà tí ó rí i pé mo ti fẹ́ máa bínú, ó já òwú náà, ó ní, "Àwa ìyàwó ilé, Eyínafẹ́ là ń pè wọ́n."

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an bọ́ sí mi lẹ́nu, mo sì pè é. Ó mi orí, ó na ọwọ́, ó gba ọsàn tí mo ti bó, ó ń jẹ ẹ́ lọ bí ẹni pé tirẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pa pọ̀ nìyẹn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Àwọn ọmọ wa kò sí nílé nígbà náà, ilé-ìwé àti iṣẹ́ ti tú wọn ká. Bí wọ́n bá wá lo ìsinmi, wọ́n máa ń gbọ́ tí ìyá wọn ń da ìbéèrè bò mí láti àárọ̀, wọ́n sì rò pé ìjà ni. Mo ti darúgbó báyìí, wọ́n ṣì ń bi mí pé kí ló wà láàárín àwa méjèèjì. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé ìjọ kan kí n tó lọ sí ogun Bómà. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò máa gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán lórí wáyà, mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ sílé bàbá mi, mo sì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú igbó ọ̀hún, ọta ńlá kan bú lẹ́bàá kòtò tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìlọrà, jọ wà. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde lára ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí mo lajú, iyẹ̀pẹ̀ ló kún ẹnu mi, etí mi sì ń hó bí ìkòkò orí iná. Dókítà ológun tan iná sí wa lójú, ó ní kí a sùn díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó dá wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Orí fífọ́ bá mi wálé, ṣùgbọ́n ta ni orí kì í fọ́? Mo padà sí ilé-ìwé, mo sì kọ́ ọmọ púpọ̀.

Òmìnira ti dé, ó ti tó ọdún mélòó kan, kí n tó gbà pé nǹkan ń ṣe mí. Èmi tí mo máa ń pe orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì láìwo ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo ti kọ́ kọjá. Mo yíjú sí pátákó, mo yíjú padà, ohun tí mo fẹ́ sọ ti lọ. Agogo ilé-ìwé á dún, èmi á ta gìrì níwájú àwọn ọmọ. Wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé etí ń dùn mí, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo dojú kọ oko ọsàn bàbá mi.

Ti ọ̀rẹ́ mi ará Ìlọrà tún yàtọ̀, nítorí ìbínú wà nínú tirẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Jóbèlé lọ́jọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé, ó sì dìde sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé wọ́n ti jí kẹ̀kẹ́ òun. Nígbà tí àwọn ará Jóbèlé gbé kẹ̀kẹ́ náà dé, ó ní àwọn olè ló rán wọn.

Ìyàwó mi ló kó àwa méjèèjì wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tó rí wa kò ju ọmọ wa lọ. Ó bi wá nípa ogun, ó bi wá nípa orí fífọ́, ó ní kí a ka àwọn oṣù inú ọdún láti ẹ̀yìn wá síwájú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo sì sọnù láàárín. Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò ní kà á, pé òun ti jáde ilé-ìwé tipẹ́.

"Bàbá, kò sí egbò tí mo lè dì, kò sì sí oògùn tí mo lè fún yín lò fún un," ni dókítà wí. "Ohun tí ọta yẹn mì nínú orí yín, ó ti pẹ́ tó ti mì ín. Ọjọ́ orí ló wá bá a níbẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Màmá, bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀, ẹ má tètè gbé e fún wọn. Ẹ fi ọ̀nà hàn wọ́n, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín. Lójoojúmọ́ ni o. Bí ẹ bá ń bá wọn rántí, wọn kò ní rántí mọ́."

"Ṣé yóò padà sí bó ṣe wà?" ni ìyàwó mi bi í.

"N kò lè sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó lè má burú sí i."

Nínú mọ́tò tó gbé wa bọ̀, ọ̀rẹ́ mi ní ìrìn àjò wa já sásán. Ìyàwó mi ti ń ro bí yóò ti ṣe ohun tí dókítà wí.

Láti ọjọ́ kejì ni kò ti gbé oúnjẹ síwájú mi mọ́ láìjẹ́ pé mo sọ ohun tí a jẹ lánàá. Bí ó bá rán mi lọ sọ́jà, iyọ̀, àlùbọ́sà, òwú dúdú, kẹrosíìnì, inú orí ni n ó kó gbogbo rẹ̀ sí lọ, n kò ní kọ ọ́ síwèé. Bí mo bá padà láìmú òwú bọ̀, kò ní bínú, kò sì ní dárúkọ òwú. "Nǹkan kan ṣẹ́kù sọ́jà," ni yóò wí, yóò sì máa rán aṣọ rẹ̀ lọ títí n ó fi mọ̀ ọ́n, tí n ó sì padà lọ mú un. Ohun tí ó tẹnu mọ́ jù ni pípadà sẹ́yìn. "Ohun tí ẹ bá sọ nù, ẹ padà síbi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn, kí ẹ tún ibẹ̀ rìn bọ̀." Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa lọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Mo wá ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ yẹn ju ariwo rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kò bọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí ara ògiri wa, kí ó tó jókòó, ìyàwó mi á ní kí ó fi ẹnu rin ọ̀nà náà padà fún òun, láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ní Ìlọrà, kí ó sọ gbogbo ẹni tí ó kí.

"Sájẹ́ǹtì," ni ọ̀rẹ́ mi ń pè é, "ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mumi ná."

"Ẹ ó mumi, Bàbá Ìlọrà. Ta lẹ kí kẹ́yìn?"

"Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà."

"Kí lẹ bá a sọ?"

"Mo ní ẹ̀pà rẹ̀ kéré."

"Ẹ̀pà náà dà?"

Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ pa àpò kan, ó fọwọ́ pa èkejì. Ó yíjú sí mi. "Kọ́pùrà, ká ní ìyàwó rẹ yìí wà ní Bómà ni, à bá ti tètè darí wálé."

Eré ni a ka èyí sí títí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi dé. Ìdílé kan tí oko wọn bá tiwa pààlà kọ ebè wọ inú oko ọsàn wa. Wọ́n ní ìdí igi akòko ni ààlà ti yà sódò. Àwa mọ̀ pé ó kọjá akòko, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà lápálàpá, ó dé ìdí igi ìyeyè kó tó yà. Bí ó bá rí bí wọ́n ti wí, gbogbo ọsàn tí bàbá mi gbìn ti lọ, èmi àti àwọn ọmọ bàbá mi kò sì ní oko mìíràn. Ẹjọ́ dé kóòtù ìbílẹ̀. Adájọ́ ní òun àti àwọn tó bá òun jókòó yóò wá wo ilẹ̀ náà fúnra àwọn. Ó dá ọjọ́, ó sì ní bí a kò bá rìn ín lọ́jọ́ náà, ẹni tó ti kọ ebè síbẹ̀ ni yóò máa dá a lọ.

Bí wọ́n ṣe ń rin ààlà nílùú wa nígbà náà ni pé ẹni tó ní òun ló nilẹ̀ yóò ṣíwájú. Ní ìdí àmì kọ̀ọ̀kan yóò dúró, yóò pe orúkọ ẹni tó fi í lélẹ̀ nínú àwọn bàbá rẹ̀, yóò sì kọjá sí òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ràn án létí. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ó ti bàjẹ́. Obìnrin ilé kì í sì í ṣíwájú lórí ààlà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń tò sí.

Àwọn bàbá tó mọ ààlà náà ti kú tán. Àbúrò mi tó kù nílé, láti kékeré ló ti lọ sí Òkè Ọya, iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe níbẹ̀, kò mọ oko náà. Èmi ni bàbá mi mú rìn ín nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé èmi ni mo ń gbàgbé.

Ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé ibì kankan lórí rẹ̀. Orúkọ àwọn tó gbin nǹkan síbẹ̀ ni kò dúró, pàápàá ti ìyeyè, tí ó jẹ́ pé àbúrò bàbá mi kan ló gbìn ín. Lónìí ó wà lẹ́nu mi, lọ́la kò sí mọ́. Ìyàwó mi mọ̀ wọ́n gbogbo, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyá mi ń mú un gbà lọ ṣẹ́gi nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n kò lè pè wọ́n. Obìnrin tó bá wọlé ọkọ kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Yóò wò wọ́n, yóò fún wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó dúdú di Adúmáadán, ẹni tí eyín rẹ̀ ní àlàfo di Eyínafẹ́. Èyí náà ló wá di ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ mi. Yóò pe èyí tí àwọn ìyàwó ń pè, èmi ni n ó lọ wá èyí tí wọ́n sọ ẹni náà lọ́jọ́ kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo jókòó tí mo ń làágùn lórí ọ̀rọ̀ ìyeyè yẹn.

"Sájẹ́ǹtì," ni ó wí, "ẹ ṣáà pè é sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Ta ni yóò gbọ́?"

"Ẹ̀yin ti gbọ́."

"Èmi? Kí n tó dé Ìlọrà n ó ti gbàgbé."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ nu ojú. "Bàbá Ìlọrà, ọkọ mi ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, wọ́n wà lára àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bu omi sí mi lẹ́sẹ̀. N ó wá torí igi pe orúkọ wọn?"

"Wọ́n ti kú."

"Òkú ọkọ, ọkọ náà ni. Dókítà sì ní kí n má gbé e fún ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́. Ká tiẹ̀ ní mo lè pè é, n kò ní pè é."

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi lọ tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bàbáa wọn, ohùn mi lẹ ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ tí ẹ ó rìn ín, ẹ̀yìn pátápátá ni n ó wà. N kò ní lè la ẹnu." Láti ìgbà náà ni ó ti ń fa ohùn rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń dúró pẹ́ kí ó tó pe Eyínafẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn kì í pè é rárá, á kàn máa wò mí.

Ibi tí a dé nìyí ní àárọ̀ tí mo ń bó ọsàn yẹn.

Lọ́sàn-án ó kó aṣọ lọ fún oníbàárà kan, ó padà wálé, ó ní àyà ń fún òun. Ó jókòó sílẹ̀, kò jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo gbé omi fún un, kò lè mu ún. Wọ́n bá wa wá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí Ọ̀yọ́. Mo jókòó tì í lẹ́yìn, orí rẹ̀ wà léjìká mi. Nígbà tó yá ó bi mí pé, "Ibo la dé?" Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́, tàbí ó ń dán mi wò. Mo ní, "A ti kọjá Ìlọrà." Ó ní, "Ẹ ṣeun." A kò tí ì dé Ọ̀yọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tú lára tèmi.

A sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ wa. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ilé kún fún ènìyàn, gbogbo wọn ló sì ń ṣàánú mi. Bí mo bá na ọwọ́, wọ́n ti gbé nǹkan sí i. Bí mo bá ti ń wá ọ̀rọ̀, ẹnìkan ti bá mi sọ ọ́. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń rí i pé orí mi ń sùn lọ. Mo gbìyànjú láti rin ààlà náà nínú ọkàn mi, mo dé ìdí lápálàpá, ó sì ṣókùnkùn.

Àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ wá kí mi. Àgbàlagbà ilé wọn ló ṣíwájú wọn, ó jókòó tì mí.

"Tíṣà, o kú àfẹ́kù. Obìnrin rere lọ."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń wọ́ kiri inú igbó. Jẹ́ kí àbúrò rẹ bá ọ rìn ín. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, a ó gbà á."

"N ó rò ó, bàbá."

"Rò ó dáadáa. Orí tó ti ru ẹrù ogun, kò yẹ kó tún máa ru ti ẹjọ́." Ó fọwọ́ lu orúnkún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dìde. Kò sí ẹni tó lè ní ó sọ̀rọ̀ burúkú kankan.

Nígbà tí wọ́n lọ, àbúrò mi wá jókòó síbi tí ó dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n sọ. Bí ẹ bá dé iwájú wọn tí ẹ gbàgbé, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n lọ."

"Ta ló gbin ìyeyè?"

Ó wo ilẹ̀. "Èmi ò mọ̀."

"Wọ́n mọ̀ pé o ò mọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni mo wí.

Mo sọ fún un pé èmi ni n ó rìn ín. N kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Kò sí ọ̀nà mìíràn ni.

Ìrì ṣì wà lórí koríko ní àárọ̀ tí adájọ́ dé pẹ̀lú àwọn ìjòyè méjì àti akódà kan. Àwọn tí a jọ ń ṣẹjọ́ ti wà nídìí akòko ṣáájú wa. Ọ̀rẹ́ mi wá láti Ìlọrà, ó wọ bàtà ológun rẹ̀ àtijọ́. Akódà kéde pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀, tó wúkọ́ tàbí tó ṣẹ́jú sí mi, òun yóò lé e jáde.

"Bí ikọ́ bá gbé mi ńkọ́?" ni ọ̀rẹ́ mi bi í.

"Bàbá, ẹ lọ máa wú u lódì kejì odò."

Mo ṣíwájú. Àwọn obìnrin ilé wa tò sẹ́yìn. N kò wo ẹ̀yìn. Nídìí akòko mo dúró, mo pe orúkọ bàbá bàbá mi. Adájọ́ mi orí. Mo rìn lọ, koríko ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo dé ìdí lápálàpá, mo pe orúkọ bàbá mi. Èyí tó le wà níwájú. Mo rí i lókèèrè, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dúró. Mo dé abẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn dúró lẹ́yìn mi.

Mo la ẹnu mi. "Eyínafẹ́," ni mo wí.

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ti ọ̀hún. Àgbàlagbà wọn fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ gbọ́ o. Tíṣà ti di ìyàwó ilé. Ẹ wá àdògán fún un kó wá dáná."

"Ẹ dákẹ́ ná, bàbá," ni adájọ́ wí. Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ ni à ń béèrè."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún wá a, Eyínafẹ́ náà ni mo tún bá. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo rí bàtà ọ̀rẹ́ mi tó ń yí iyẹ̀pẹ̀, mo rí àbúrò mi tó ti gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ mi.

"Ohun tí ìyàwó kọ́ ọ ló ń kà," ni àgbàlagbà náà wí. "Ìyàwó ọ̀hún kò sì sí mọ́."

Adájọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, akódà yóò lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọlé sí mi lára. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ padà sídìí lápálàpá."

"Ta ló ń rin ààlà sẹ́yìn?" ni ẹnìkan nínú wọn wí.

Adájọ́ bá àwọn ìjòyè méjèèjì sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní òun kò mọ ibi tí wọ́n ti fi òfin de ẹsẹ̀. Adájọ́ ní kí n máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé mi.

Mo dá nìkan padà. Nídìí lápálàpá mo dúró, mo kẹ̀yìn sí wọn. Ohùn ìyàwó mi ni mo ń gbọ́, ó ń pe Eyínafẹ́, ó dúró, ó tún pè é. N kò fẹ́ kó dákẹ́. Láti ọjọ́ tí ó ti lọ, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ tó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀. Mo dúró tì í. Ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé bí mo bá dúró síbẹ̀ di alẹ́, orúkọ tí mo ń wá kò ní ti ibẹ̀ jáde. Kò pè é rí láyé rẹ̀. Kò sí nínú ohùn yẹn.

Mo ní láti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi ara mi pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ọkùnrin yìí bó ṣe wù ú? Ẹni tó bí i ni. Ìyá bàbá mi máa ń dúró lẹ́yìn ilé nígbà tí oúnjẹ bá jinná, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á ké sí i lọ́nà odò, nítorí odò ni ó ń wà nígbà gbogbo. Èmi ọmọ kékeré á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa bá a pè é, òun á sì gbá mi létí pé, "Ẹgbẹ́ rẹ ni?"

Mo gbọ́ ọ bí ó ṣe ń pè é, orúkọ àti oríkì.

Mo rìn padà. N kò sáré, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sáré yóò dà nù. Nídìí ìyeyè mo pe orúkọ àbúrò bàbá mi, mo fi ti bàbá rẹ̀ tì í, mo sì sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti bàbá mi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹnìkan ló sọ fún un," ni àgbàlagbà náà wí.

"Ta ni?" ni adájọ́ bi í. Gbogbo wa wo ọ̀nà tí mo ti bọ̀. Koríko ló wà níbẹ̀, àti ebè tí wọ́n kọ.

Adájọ́ ní, "Tíṣà, ó ku ibo?"

"Ó ku etí odò," ni mo wí. Mo yà níbi tí ààlà ti yà, mo bọ́ síwájú wọn. Àpáta pẹrẹsẹ tó jẹ́ àmì ìkẹyìn wà níbẹ̀, omi ti wọ́ kúrò lára rẹ̀ nítorí ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gun orí rẹ̀, mo pe orúkọ ẹni tó fi í ṣe àmì, mo pe ti ẹni tó nilẹ̀ lódì kejì odò. Akódà gbé èèkàn ààlà wá, ó bi mí pé ibo gan-an. Mo fi ẹsẹ̀ hàn án, mo sì dúró síbẹ̀ títí ó fi gbá a wọlẹ̀ tán.